Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: “Wọ́n Ní Ẹkún Ti Ba Omi Ọyàn Mi Jẹ́”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, lẹ́tà mẹ́rin ni mo dáhùn lóṣù yìí. Mo ti yọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́, mo sì pààrọ̀ àwọn nǹkan kéékèèké tí aládùúgbò lè fi dá wọn mọ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló gba àyè jù. Omi ọyàn ni ọmọbìnrin náà béèrè nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ìtòkú ni mo ti ń ta kàmpálà, ẹ̀yìnkùlé wa náà la ti ń pa á láró. Ọmọ mi obìnrin ti pé oṣù mẹ́rin. Kílò 2.3 ló wọ̀n nígbà tí mo bí i, títí di ìsinsìnyí kò tíì sanra. Ìyá ọkọ mi ní ẹkún tí mò ń sun ló ba omi ọyàn mi jẹ́, ó ní kí n já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí n máa fún un ní ògì àti àgbo. Òótọ́ ni pé mò ń sunkún. Ọkọ mi máa ń nà mí, àmọ́ kì í ṣe ojoojúmọ́. Ìgbà tí oyún ọmọ yìí pé oṣù márùn-ún ló bẹ̀rẹ̀. Owó àjọ mi, òun ló ń lọ gbà á lọ́wọ́ alájọ. Nígbà tó yẹ kí n gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ojú mi wú, ojú tì mí, mi ò lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fún mi lọ́rùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀ mí. Màmá mi ní kí n ní sùúrù, pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, oògùn wo ni mo lè lò tí omi ọyàn mi á fi dára?
— *Ìyá Ọmọ, Ìtòkú*

Èsì: Ọmọ mi, omi ọyàn rẹ kò bàjẹ́. Ẹkún kì í ba omi ọyàn jẹ́, èébú kì í bà á jẹ́, ìbànújẹ́ kò sì lè sọ ọ́ di májèlé. Jẹ́ kí èyí kọ́kọ́ balẹ̀ sí ọ lọ́kàn, nítorí ó hàn nínú lẹ́tà rẹ pé o ti ń wo ọmú rẹ bí ọ̀tá ọmọ rẹ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Bí ọmọ bá ti gbé ọmú sẹ́nu, ọpọlọ ìyá á ránṣẹ́ sí ọmú pé kó tú omi sílẹ̀. Ẹ̀rù, ìrora àti àìsùn máa ń dí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Omi ọyàn wà níbẹ̀, kì í kàn tètè sun ni. Ọmọ á fà á, á fà á, á rẹ̀ ẹ́, á tu ọmú dànù, á fi igbe ta. Àwọn ará ilé á wá ní ọmọ ti kọ ọmú. Mo rí i lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ìyá ìkókó. Ìyá á jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ á máa mu ọmú dáadáa. Ọkọ á yọ lẹ́nu ọ̀nà, èjìká obìnrin náà á le gan-an, kò ní pẹ́ tí ọmọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Nítorí náà, má já ọmọ yẹn lẹ́nu ọmú. Títí tí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, omi ọyàn nìkan ni kó máa mu: kò sí omi, kò sí ògì, kò sí àgbo. Ikùn ọmọ oṣù mẹ́rin kò tóbi. Ògì tó ṣàn tí wọ́n bá dà sínú rẹ̀, ipò omi ọyàn ló gbà, kò sì ní èròjà tó omi ọyàn. Omi tí wọ́n fi po àgbo sì lè gbé ìgbẹ́ gbuuru wá, èyí tí ọmọ tó ti fúyẹ́ tẹ́lẹ̀ kò lè fara dà. Gbé e sọ́mú ní ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru. Bó bá ń tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lójúmọ́, tí ìtọ̀ náà kò pọ́n, ó ń rí nǹkan mu. Kí o tó gbé e, bọ́ aṣọ tí o fi pa aró, kí o fọ ọwọ́ àti àyà rẹ. Sódà tí ẹ ń dà sínú aró máa ń jó awọ ọmọ.

Ìwọ náà gbọ́dọ̀ jẹun. Láfún àti ewédú lásán kò tó ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú. Fi ẹ̀wà kún un, fi ẹja ṣáwá tàbí ẹyin kún un. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé owó dà. Owó wà. Ìwọ lo pa á, ìwọ lo dá a lọ́wọ́ alájọ, ẹlòmíràn ló ń lọ gbà á. Ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ sanra, mo sì fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lọ bá alájọ níbi tí kò sí ẹlòmíràn, sọ fún un pé ìwọ nìkan ni kó máa kówó fún. Bí o bá mọ̀ pé èyí á dá ìjà sílẹ̀, dín iye tí ò ń dá kù, kí o máa kó ìyókù sọ́dọ̀ ẹni tí ọkọ rẹ kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ọmọ ńkọ́? Kílò 2.5 ni ìlà tí a fi ń mọ ọmọ tó kéré jù nígbà ìbí. Tìrẹ wà nísàlẹ̀ ìlà yẹn. Mi ò ní sọ pé ohun kan ṣoṣo ló fà á, nítorí ibà lè fà á, àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fà á, kí oṣù ọmọ má pé náà lè fà á. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé oṣù karùn-ún oyún ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàkójọ ìwádìí láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Wọ́n rí i pé nínú àwọn tí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin ń nà, ewu kí ọmọ wọn fúyẹ́ nígbà ìbí fi nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí a kì í nà lọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì láàárín wọn. Kò ṣòro láti lóye. Aboyún tí ẹ̀rù ń bà kì í jẹun kánú, kì í sùn, kì í tètè dé kílíníìkì, ojú ń tì í kí wọ́n má bàa rí àpá. Bí ìkúùkù tàbí tàpá bá sì ba ikùn, ibi ọmọ lè ya kúrò lára ilé ọmọ kí àkókò tó tó. Ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ya nírú ìgbà bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ kí wọ́n tó rí ọkọ̀ gbé wọn.

Abẹ́rẹ́ tí ọmọ pàdánù kò tíì bọ́. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ látòkè padà. Ibi tó dúró ni wọ́n ti máa ń tẹ̀ síwájú. Gbé káàdì rẹ̀ dání, lọ sí ibi tó ti gba ti ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ìkẹwàá. Bí ojú rẹ bá tún wú lọ́jọ́ náà, lọ bẹ́ẹ̀. Ojú wíwú rẹ kò ní kí ikọ́ àwúbì má kọ lu ọmọ.

Ó wá ku gbólóhùn tí o sáré kọjá, pé ó fún ọ lọ́rùn “díẹ̀”.

Kò sí díẹ̀ nínú kí a fún ènìyàn lọ́rùn. Ìṣẹ́jú àáyá péréte lè mú ènìyàn dákú, kò sì jìnnà sí ibi tí yóò ti kú. Àpá lè má sí lóde ara rárá. Bí ohùn rẹ bá há, bó bá ń dùn ọ́ láti gbé itọ́ mì, bí àmì ẹ̀jẹ̀ kéékèèké bá yọ lójú ẹyinjú rẹ, bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò dáwọ́ dúró, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bá ń kú, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ọrùn lè ti fara pa, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó yọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Tìrẹ ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Lọ síbẹ̀ náà. Láti Ìtòkú, ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní Ìjàyè kò jìnnà sí ọ. Bí ó bá sì jẹ́ ilé ìwòsàn Ìdí-Àbà tàbí ti Lántòrò ni ẹsẹ̀ rẹ mọ̀, lọ síbẹ̀.

Àwọn tó ti ṣèwádìí lórí àwọn obìnrin tí ọkọ pa ti fi hàn pé ọkọ tó bá ti fún ìyàwó lọ́rùn rí, ewu pé yóò pa á lọ́jọ́ iwájú ga ní ìlọ́po-ìlọ́po ju ti ọkọ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí lọ. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun mẹ́ta ló máa ń mú mi dìde lórí àga: nínà nínú oyún, fífa ọ̀bẹ tàbí ohun ìjà yọ, àti fífún lọ́rùn. Méjì ti wà nínú lẹ́tà rẹ. O ní ó ti bẹ̀ ọ́. Gbogbo àwọn tí wọ́n gbé wá bá wa, ọkọ wọn ti bẹ̀ wọ́n rí.

Nítorí náà, oògùn kọ́ ni màá kọ fún ọ. Múra láti kúrò níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ọwọ́ ọkọ rẹ kò ti ní tètè tó ọ, kí o sì ṣe é láìsọ fún un, nítorí ìgbà tí obìnrin bá ń jáde lọ ni inú irú ọkọ bẹ́ẹ̀ máa ń ru jù. Káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ, ìwé ìbí rẹ̀, nọ́ńbà NIN rẹ, aṣọ bíi mélòó kan àti owó ọkọ̀, kó wọn sínú báàgì kan, kí o gbé e pa mọ́ sọ́dọ̀ oníbàárà tàbí ẹ̀gbọ́n tí o fọkàn tán. Kọ nọ́ńbà ènìyàn méjì sórí ìwé, nítorí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà. Bá aládùúgbò kan ṣe àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé, bí o bá ti ké e, kó wá kan ilẹ̀kùn. Bí ìjà bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí o tó ráyè lọ, má sá lọ sí ilé ìdáná, má sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí omi gbígbóná àti sódà wà. Iwájú ìta ni kí o máa sún mọ́.

Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, má sọ pé o ṣubú ní balùwẹ̀. Ojú tí ilẹ̀ gbá yàtọ̀ sí ojú tí ìkúùkù gbá, àwa sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá ní o ṣubú, “ó ṣubú” náà ni wọn yóò kọ. Sọ pé, “Ọkọ mi ló nà mí, ó sì fún mi lọ́rùn.” Sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ìwé yẹn ni adájọ́ yóò kà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú rẹ̀. Sọ fún wọn náà bí ẹkún bá ń bọ́ lójú rẹ láìnídìí, bí o kò bá rí oorun sùn, bó bá ń ṣe ọ́ bíi pé kí o má sí mọ́. Bí wọ́n bá ní kí o lọ rí dókítà ní Àrò, ilé ìwòsàn àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ, lọ. Ní Abẹ́òkúta a máa ń pe orúkọ Àrò bí èébú, ìyẹn sì ti pa ọ̀pọ̀ ìyá lára. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ti fọwọ́ sí òfin tirẹ̀ tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn lọ́dún 2017, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣe tirẹ̀ ní 2015. Lábẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó ₦200,000, tàbí kó gba méjèèjì. Gbígba owó lọ́wọ́ ẹni títí a ó fi di ẹni tí ń ṣagbe nínú ilé ara ẹni wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ilé-ẹjọ́ tún lè fún ọ ní àṣẹ ààbò, pé kó má ṣe sún mọ́ ọ. Àwọn tí o lè bá ni Iléeṣẹ́ Ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin ní Òkè-Mosàn, níbi tí àwọn Wẹ́fíà wà, àti FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, tí wọ́n ní ẹ̀ka ní Ògùn. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, 112 ni nọ́ńbà tí o máa pè.

Bí ẹ bá jẹ́ pé níṣu níṣu lẹ ṣe ìgbéyàwó, kóòtù ìbílẹ̀ lè tú u ká. Wọn yóò sọ fún ọ pé bàbá ló lọmọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ògùn ṣe lọ́dún 2006 ní ire ọmọ ni kí adájọ́ kọ́kọ́ wò, ọmọ oṣù mẹ́rin tó ń mu ọmú sì rèé.

Ti màmá rẹ ló kù. Mi ò bínú sí i. Ohun tí wọ́n sọ fún òun náà ló ń sọ fún ọ. Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018, obìnrin 31 nínú ọgọ́rùn-ún, láti ọmọ ọdún 15 sí 49, ni ẹnì kan ti lù rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Nínú àwọn tí wọ́n ti hu ìwà ipá sí, ó lé ní ìdajì tí kò wá ìrànlọ́wọ́ rárá. Màmá rẹ lè wà lára wọn. Mú un lẹ́yìn lọ sí kílíníìkì, kí nọ́ọ̀sì fi ìlà ìwọ̀n ọmọ hàn án lórí káàdì. Ìyá tó bá rí ìlà tó ń lọ sílẹ̀ dípò kó máa gòkè, kò dájú pé yóò tún sọ̀rọ̀ sùúrù lọ́jọ́ náà.

Màmá, ìyàwó mi ń ka abala yín, èmi náà ń kà á. Ẹ ti sọ níbí rí pé kí obìnrin tí ọkọ gbá létí lọ fẹjọ́ sùn. Ilé lẹ fẹ́ tú. Lọ́yà kan sọ fún mi pé òfin Nàìjíríà fàyè gba ọkọ láti bá ìyàwó rẹ̀ wí, àṣà Ẹ̀gbá náà sì fàyè gbà á. Àwa ọkùnrin tí ìyàwó ń lù ńkọ́, ta ló ń gbèjà wa?
— *Baálé, Òkè-Ìlewó*

Èsì: Baálé, mo dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé, ẹ kò kàn ya ojú ìwé náà dànù.

Òfin tí lọ́yà yín ń sọ wà lóòótọ́. Abala 55 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti ìhà Àríwá ni. Kì í ṣe òfin tí wọ́n ń lò ní Ògùn. Ibẹ̀ pàápàá kò fàyè gba kí ọkọ ṣe ìyàwó léṣe gidi. Ní Abẹ́òkúta níbí, ẹni tó bá na ìyàwó rẹ̀ ti ṣẹ̀ sí òfin, ì báà fi ọwọ́ nà án, ì báà fi bẹ́líìtì.

Ní ti àṣà Ẹ̀gbá, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa. Ìlú tó fi Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ Ìyálóde ní 1864 ni ìlú yìí. Ìlú tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti kó àwọn obìnrin ọjà jọ tako owó-òde tí wọ́n bù lé wọn lórí ni, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Àwọn ìyá ìyá wa ló ń pa aró, tí wọ́n ń rán ọmọ lọ sílé ìwé pẹ̀lú èrè rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ na ìyàwó rẹ̀, kó má fi Ẹ̀gbá ṣe àwáwí.

Ìbéèrè kejì yín tọ́, màá dáhùn rẹ̀ tọkàntọkàn. Ọkùnrin tí ìyàwó ń lù wà. Òfin kò sọ pé obìnrin nìkan ló ń dáàbò bò. Ẹni tó bá lu ẹnì kejì rẹ̀ ló mú. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kan náà, kí ẹ sọ òtítọ́ kan náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni kí a fi tiwọn bo ti àwọn obìnrin mọ́lẹ̀. Àwọn tí a sáré gbé wọ tíátà lóru pẹ̀lú ikùn oṣù méje, obìnrin ni gbogbo wọn.

Ẹ ní ìyàwó yín ń ka abala yìí. Ẹ bi í léèrè bóyá ẹ̀rù yín ń bà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe bi í, kí ẹ sì dákẹ́ títí tó fi máa dáhùn.

Ẹ káàsán, Màmá. Onílé ni mí ní Adátán. Ayálégbé mi kan ń na ìyàwó rẹ̀ lóru, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Àwọn kan ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, àwọn kan ní kí n lé wọn jáde. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ sọ pé mò ń wo ìyàwó oníyàwó.
— *Bàbá Onílé*

Èsì: Bàbá, ẹ má lé wọn jáde. Àdúgbò mìíràn ni yóò ti máa nà án, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Lálẹ́ tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ pe ẹnì kan mọ́ra, kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn. Ẹ kò nílò láti jà. Ẹ lè béèrè kọ́kọ́rọ́ géètì, ẹ lè ní omi ń ṣàn lẹ́yìn ilé, ohunkóhun tó máa mú kó ṣí ilẹ̀kùn kó sì mọ̀ pé etí wà níta. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyẹn máa ń dá ọwọ́ dúró lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó ń pariwo “ó fẹ́ pa mí”, tàbí ohùn rẹ̀ dédé dákẹ́, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè. Olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Eléwéran, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń rí sí irú ẹjọ́ yìí ní àwọn àgọ́ ńlá. Ìfẹjọ́sùn kì í gba owó.

Lójú ọ̀sán, kí ìyàwó yín ni kó lọ bá obìnrin náà, kì í ṣe ẹ̀yin. Kí òun nìkan bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ọkọ kò sí. Kó má sọ pé “fi í sílẹ̀”, kó má sọ pé “fara dà á”. Kó bi í pé kí ló fẹ́, kó sì sọ fún un pé yàrá wà nísàlẹ̀ tí òun àti àwọn ọmọ lè sá sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ìpàdé tí ẹ ó ti ní kí ó rojọ́ lójú ọkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ohun tó bá sọ níbẹ̀ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀ bí gbogbo yín bá ti tú ká. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti àkókò tí ẹ gbọ́ ariwo sílẹ̀ sínú ìwé kan. Bó bá di ẹjọ́, ẹlẹ́rìí ni yín.

Ẹ káàárọ̀ mà. SS2 ni mo wà. Àsèrò là ń gbé. Bàbá mi máa ń lu màmá mi bó bá ti mutí dé. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tipẹ́, ti tún bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ń nà án, wọ́n sì ti so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí káàkiri àdúgbò, àwọn ọmọ ń kọrin tẹ̀ lé e. Ṣé àìsàn ni, mà? Ìwé tèmi náà ti ń lọ sẹ́yìn. Mo kọ nọ́ńbà fóònù sí ìsàlẹ̀ ìwé, ti bàbá mi ni, kí ẹ lè fi pè mí.

Èsì: Ọmọ mi, o ṣe ohun rere bí o ṣe rò ó pé kí o béèrè.

Ọmọ tó ti jáwọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀, ohun méjì la máa ń wò. Ó lè jẹ́ àkóràn nínú ìtọ̀ tàbí kí ṣúgà pọ̀ lára rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ ní ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín, pàápàá bó bá ń mu omi jù tàbí tó ń dùn ún bí ó bá ń tọ̀. Bí àyẹ̀wò bá mọ́, ẹ̀rù ni. Ọmọ tó ń gbọ́ ìjà lóru kò ní àṣẹ lórí ìtọ̀ rẹ̀ nínú oorun. Ẹgba kò ní wò ó, ọ̀pọ̀lọ́ kò ní wò ó. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi kún ìbẹ̀rù rẹ̀. Màmá rẹ ń na ẹni tó kéré sí i nítorí ẹni tó tóbi ń na òun, kò sì jọ pé ó mọ̀. Fi abala yìí hàn án nígbà tí ara bá rọ̀ ọ́.

Nígbà ìjà, má ṣe bọ́ sí àárín wọn. Mo mọ̀ pé ó ń wù ọ́. Ọmọ tó bá bọ́ sáàárín ni wọ́n máa ń ṣe léṣe jù. Gbé àbúrò rẹ, kí ẹ jáde lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tí ẹ ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí o sì ké sí àgbàlagbà láti ibẹ̀. Ìwé rẹ tó ti ń lọ sẹ́yìn, tí o mẹ́nu kàn ní òpin lẹ́tà, ara ohun kan náà ni. Kì í ṣe pé o yọ̀lẹ.

Má fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ nítorí orúkọ ìdílé. Ọmọdé ni ọ́, òfin ìpínlẹ̀ yìí sì ti fi ààbò rẹ lé àwọn àgbà lọ́wọ́. Tíṣà tó ń rí sí ìmọ̀ràn ní ilé ìwé yín ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, tàbí tíṣà obìnrin tí ara rẹ máa ń balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Sọ gbogbo rẹ̀ bí o ti kọ ọ́ sí mi. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ní kí o lọ gbàdúrà, bá ẹlòmíràn.

Mi ò ní pe nọ́ńbà tí o kọ síbẹ̀, nítorí bàbá rẹ ló ni í, mi ò sì fẹ́ kó bi ọ́ pé ta ló pè. Mo ti fi bírò pa á rẹ́ lórí ìwé náà. Sọ fún tíṣà rẹ pé kó fi fóònù tirẹ̀ pe ọ́fíìsì ìwé ìròyìn yìí, kó ní Màmá Nọ́ọ̀sì ni òun ń wá. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.